Jíjẹun pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ yín nígbà ìsinmi ní Gúúsù Kòríà: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ẹni tó bá ní ọ̀rẹ́ ọmọ Kòríà, bóyá láti ilé ìwé tàbí láti ibi iṣẹ́, tó sì fẹ́ lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ rẹ̀, kò ní pẹ́ rí i pé ìdí oúnjẹ ni wọn yóò ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò náà. Àwọn ìbéèrè tí àwọn tó ń múra ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ máa ń béèrè ló wà nísàlẹ̀ yìí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á ni pé níbẹ̀, ẹni tó jókòó ti oúnjẹ kì í jẹun fún ara rẹ̀ nìkan. Ó ń ṣọ́ ife àti àwo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìgbà wo nínú ọdún ni kí n lọ?

Ọdún méjì ló tóbi jù lójú àwọn ará Kòríà. Seollal ni ọdún tuntun tí wọ́n ń fi òṣùpá kà, tó máa ń bọ́ sí ìparí oṣù kìíní tàbí inú oṣù kejì. Chuseok sì ni ọdún ìkórè, tó ń bọ́ sí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ nínú ìṣírò òṣùpá. Ní ọdún 2026, Seollal wà ní ọjọ́ 17 oṣù kejì, Chuseok sì wà ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìsinmi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìlú Seoul a sì dá páropáro, nítorí pé olúkúlùkù ló ń gba ilé òbí rẹ̀ lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin máa ń tán kí ọjọ́ tó pé, ọ̀nà a dí, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ kéékèèké a sì ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ ọdún gan-an.

Èrò tèmi ni pé bí ìdílé kan bá ti pè yín, àkókò ọdún ni kí ẹ lọ, nítorí kò sí ilé oúnjẹ tó lè fún yín ní ohun tí ẹ máa rí nínú ilé náà. Bí kò bá sí ẹni tó pè yín, ẹ yẹra fún ọ̀sẹ̀ ọdún. Ìparí oṣù kọkànlá wọ inú oṣù kejìlá dára púpọ̀ fún ẹni tó bá lè fara da òtútù: àsìkò náà ni wọ́n ń ṣe kimjang, ìyẹn iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe tí ẹbí àti aládùúgbò fi ń ṣe kimchi, ìyẹn ewébẹ̀ aláta tí wọ́n jẹ́ kó kan, tí wọn yóò jẹ la ìgbà òtútù já, tí àjọ UNESCO sì kọ sínú ìwé àwọn àṣà àjogúnbá ní ọdún 2013. Ẹni tó bá bá wọn fi ata ra ewé kábéèjì níbẹ̀ kì í sábà lọ sílé lọ́wọ́ òfo, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ bíbọ̀ tí wọ́n fi kimchi tuntun wé ni wọ́n sì fi ń ṣe ẹnu wọn lóore nígbà tí iṣẹ́ bá parí.

Ọ̀rẹ́ mi ní kí n bá òun lọ sílé àwọn òbí òun ní Chuseok. Kí ni kí n mú dání, báwo ni kí n sì ṣe ṣe?

Ẹ mú èso dání. Bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, gbogbo ilé ìtajà ńlá ló máa ń to páálí ápù àti píà tí wọ́n dì dáadáa síta, irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ kì í sì í kùnà. Ọwọ́ méjèèjì ni kí ẹ fi gbé e fún àgbà ilé. Ẹnu ọ̀nà ni ẹ ó ti bọ́ bàtà, nítorí náà ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tó mọ́ tí kò sì lu.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ọdún, ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń tẹ́ tábìlì fún àwọn baba ńlá wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní charye. Ìrẹsì, ọbẹ̀, ẹja, ẹran, èso àti ọtí ni wọ́n ń tò síbẹ̀, olúkúlùkù ní àyè tirẹ̀, wọn a sì tẹríba níwájú rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun lórí tábìlì náà títí wọ́n á fi ṣe tán. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ilé yóò jọ jẹ ẹ́. Bí ẹ̀sìn yín kò bá gbà yín láyè láti tẹríba níbẹ̀, ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín ṣáájú, kí ẹ sì dúró jẹ́ẹ́ lẹ́yìn. Kò sí ẹni tí yóò bínú. Onígbàgbọ́ pọ̀ ní Kòríà, àwọn ìdílé bẹ́ẹ̀ sì wà tó jẹ́ pé àdúrà àti orin ni wọ́n fi rọ́pò charye pátápátá.

Bí ẹ bá ti dé láti ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ má jókòó kí wọ́n máa gbé nǹkan wá bá yín. Iṣẹ́ tí wọ́n lè fún àlejò ni mímọ songpyeon, àkàrà ìrẹsì ọdún náà: wọ́n á po ìyẹ̀fun ìrẹsì, ẹ ó bu díẹ̀, ẹ ó fi àtàǹpàkò lu ún níhò, ẹ ó fi yánmọtí àti ṣúgà tàbí ẹ̀wà sínú rẹ̀, ẹ ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé kó rí bí òṣùpá tó dá sí méjì. Orí ewé igi páìnì ni wọ́n ti ń fi ooru omi sè é, òórùn ewé náà a sì wọ̀ ọ́ lára. Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó bá mọ songpyeon tó dára yóò bí ọmọbìnrin tó rẹwà, nítorí náà kí ẹ múra sílẹ̀ de ẹ̀fẹ̀ tí tiyín bá wọ́.

Bó bá jẹ́ Seollal ni ẹ lọ, tteokguk ni oúnjẹ ọjọ́ náà, ìyẹn omi ẹran tó mọ́ gaara tí wọ́n gé àkàrà ìrẹsì funfun pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ sí. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá jẹ ẹ́ ti fi ọdún kan kún ọjọ́ orí rẹ̀. Àwọn ọmọ a kúnlẹ̀, wọn a forí balẹ̀ kí àwọn àgbà, àwọn àgbà a sì fún wọn lówó. Èyí kò lè ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá.

Ta ló ń kọ́kọ́ jẹ?

Ẹni tó dàgbà jù. Títí tó fi gbé ṣíbí rẹ̀, kò sí ẹni tó ń fọwọ́ kan oúnjẹ, kò sì dára kí ẹ jẹ tán kí ẹ dìde nígbà tí àgbà ṣì ń jẹ lọ́wọ́. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń sọ pé “jal meokgesseumnida” (mo máa jẹun dáadáa), bí wọ́n bá sì parí, “jal meogeosseumnida” (mo ti jẹun dáadáa). Ẹni tó bá mọ méjèèjì yìí sọ fún ẹni tó se oúnjẹ ti ṣe ju ìdajì iṣẹ́ àlejò lọ.

Ṣíbí ni wọ́n fi ń jẹ ìrẹsì àti ọbẹ̀, ọ̀pá ìjẹun méjì tí wọ́n fi irin ṣe ni wọ́n sì fi ń mú àwọn ohun tó kù. Orí tábìlì ni abọ́ ìrẹsì ń wà. Wọn kì í gbé e sókè sẹ́nu bí àwọn ará Japan ṣe ń ṣe. Ohun kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe rárá: ẹ má ṣe gún ọ̀pá ìjẹun dúró ṣánṣán sínú ìrẹsì, nítorí ó jọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún òkú.

Mi ò mọ ọ̀pá ìjẹun yẹn lò. Ṣé kí n béèrè fọ́ọ̀kì?

Ẹ béèrè láìtijú. Ti irin wọn máa ń yọ̀ lọ́wọ́ ju ti igi lọ.

Ta ló ni àwọn àwo kéékèèké tó kún orí tábìlì, ṣé a máa sanwó fún wọn?

Gbogbo yín lẹ ni ín, kò sì sí owó lórí rẹ̀. Banchan ni wọ́n ń pè wọ́n: kimchi, ewé sóyà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi òróró yánmọtí pò, ẹja wẹ́wẹ́ díndín, ẹyin díndín tí wọ́n ká. Oúnjẹ tí ẹ bá yàn ni ẹ ń san owó rẹ̀. Banchan ń tẹ̀ lé e, bó bá sì tán, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ yóò tún bu òmíràn wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ní àwọn ibòmíràn, igun kan wà tí ẹ ti lè lọ bù ú fúnra yín, wọn a sì lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ògiri pé kí ẹnikẹ́ni má bù ju ohun tó lè jẹ lọ.

Ẹ má ṣe fi ọ̀pá tú àwo kiri láti ṣa èyí tó wù yín. Èyí tó bá kọjú sí yín ni kí ẹ mú, èyí tí ọ̀pá yín bá sì ti kàn, tiyín ni. Ọbẹ̀ jjigae tó ń hó nínú ìkòkò kan ṣoṣo láàárín ni àwọn àgbàlagbà máa ń ti ṣíbí wọn bọ̀ tààrà, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi ìgbakọ bù ú sínú abọ́ olúkúlùkù. Bí ìyẹn bá tẹ́ yín lọ́rùn jù, ẹ tọrọ àwo kékeré. Kò sí ẹni tí yóò rí i bí ìwà ìgbéraga.

Báwo ni wọ́n ṣe ń jẹ ẹran tí wọ́n ń yan lórí tábìlì?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ìdí iná yìí ni ẹ ti máa mọ ìwà àwọn ọ̀rẹ́ yín. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ọlọ́ràá tí wọ́n ń pè ní samgyeopsal ló wọ́pọ̀ jù. Iná wà láàárín tábìlì, òpó tó ń fa èéfín sì rọ̀ kalẹ̀ láti òkè àjà. Ìpín ìpín ni wọ́n ń tà á, ìpín kan sábà máa ń tó gíráàmù 180 sí 200, àwọn tó ń tà á kì í sì í fẹ́ gbé ohun tó dín ní ìpín méjì wá. Nítorí náà ẹni tó bá dá lọ sí irú ibẹ̀ lè pàdánù àyè. Ní Seoul, ₩15,000 sí ₩20,000 ni ìpín kan sábà máa ń jẹ́.

Ẹran náà yóò dé ní ọ̀já gígùn tí wọn kò gé. Ẹnìkan nínú yín yóò gba ẹ̀mú àti àlùmágàjí, lọ́pọ̀ ìgbà èyí tó kéré jù tàbí èyí tó mọ̀ ọ́n yan jù. Yóò tẹ́ ẹ sórí páànù, yóò fi í sílẹ̀ títí omi yóò fi yọ lójú rẹ̀, yóò yí i lẹ́ẹ̀kan, yóò wá máa fi àlùmágàjí gé e wẹ́wẹ́. Páànù náà máa ń dagun díẹ̀. Ẹ wo ibi tí ọ̀rá ń ṣàn gbà, ibẹ̀ ni wọ́n ń to kimchi àti aáyù sí kí ọ̀rá lè dín wọn. Bí ẹlòmíràn bá ti ń yan ẹran látìgbà tí ẹ ti jókòó, ẹ gba ẹ̀mú lọ́wọ́ rẹ̀ kí òun náà jẹun.

Àtẹ́lẹwọ́ òsì ni ẹ ó tẹ́ ewé létúùsì sí. Ẹ gbé ewé perilla, ewé kan tó ní òórùn dídùn, lé e, ẹ ti ẹran bọ òróró yánmọtí oníyọ̀, ẹ gbé e sórí ewé, ẹ fi ssamjang (sóyà kíkan tí wọ́n lọ̀ mọ́ ata) díẹ̀ sí i pẹ̀lú aáyù kan, ẹ wá dì í bí ẹ̀kọ. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń jù ú sẹ́nu. Ẹni tó bá gé e sí méjì yóò da gbogbo rẹ̀ sí aṣọ. Bí ọ̀rẹ́ yín bá wé ọ̀kan tó nà án sí yín lẹ́nu, ẹ la ẹnu. Ìfẹ́ ló fi ń hàn, ẹ̀yin náà ẹ sì wé tirẹ̀ padà.

Lẹ́yìn gbogbo ẹran yìí, agbóúnjẹ yóò tún wá bi yín bóyá ẹ máa jẹun. Ìrẹsì àti ọbẹ̀ doenjang, tí wọ́n fi sóyà kíkan sè, ni ó ń sọ, tàbí naengmyeon, ìyẹn núdù tútù nínú omi oníyìnyín. Ẹ̀yin tí ẹ gbà pé ẹran kì í ṣe oúnjẹ yóò rí alábàárò níbẹ̀.

Ta ló ń sanwó?

Ẹni tó pè yín, tàbí ẹni tó dàgbà jù. Ẹ má bá a jà lórí rẹ̀ níwájú àwọn èèyàn. Ohun tó yẹ ni pé kí ẹ gba ti ibi tó kàn, nítorí wọn kì í sábà jókòó síbì kan ṣoṣo lálẹ́: bí wọ́n bá kúrò ní ìdí ẹran, wọ́n á lọ mu kọfí tàbí ọtí níbòmíràn, ibẹ̀ ni àlejò ti lè sáré dé ibi ìsanwó kí ẹlòmíràn tó yọ káàdì. Láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, ẹnìkan lè san gbogbo rẹ̀, kí àwọn tó kù fi ìpín tiwọn ránṣẹ́ lórí fóònù. Ẹni tí kò ní àkáǹtì ní báǹkì Kòríà kò ní rọrùn fún láti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ mú owó bébà dání. Nítòsí ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń sanwó, wọn kì í sì í fún agbóúnjẹ ní owó ọ̀fẹ́ kankan.

Ọtí ńkọ́? Bí n kò bá mu ún ńkọ́?

Soju ni ẹ máa rí jù, tí agbára rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún. Makgeolli, ọtí ìrẹsì tó funfun bí omi ògì, kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan kì í rọ ti ara rẹ̀. Ẹ̀yin rọ fún un, òun náà rọ fún yín. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń rọ ọ́ fún àgbà, òun náà ni wọ́n fi ń gbà á, bí wọ́n bá sì fẹ́ mu ún lójú àgbà, wọ́n á yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọn kì í rọ ọtí kún ife tó bá ṣì kù. Nítorí náà, bó bá ti tó yín, ẹ má mu ti inú ife yín tán.

Ẹni tí kò bá mu ọtí, kó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má ṣe dúró di ìgbà tí wọ́n bá ti rọ ọ́. Ẹ ní kí wọ́n rọ ohun ẹlẹ́rìndòdò sínú ife kékeré náà kí ẹ lè bá wọn kan ife pọ̀, nítorí kíkàn án pọ̀ yẹn ni wọ́n ń fẹ́.

Mùsùlùmí ni mí, n kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Kí ni mo lè jẹ?

Ẹ lè jẹ púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ là á yé ọ̀rẹ́ yín ṣáájú, kó lè yan ibi tó yẹ. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ń fara pamọ́ síbi tí ẹ kò rò: ó sábà máa ń wà nínú ọbẹ̀ kimchi, nínú jajangmyeon, núdù tó ní ọbẹ̀ dúdú, àti nínú gimbap, ìrẹsì tí wọ́n fi ewé inú òkun wé, níbi tí wọ́n ti ń fi háàmù sí i. Kò tó láti sọ pé “n kì í jẹ ẹran”, nítorí wọ́n lè ṣa ẹran inú ọbẹ̀ sọ́tọ̀ kí wọ́n sì bu omi rẹ̀ fún yín. Ẹran adìyẹ àti ti màlúù wà níbi gbogbo, àmọ́ púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe halal.

Ní Seoul, àdúgbò Itaewon ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Mọ́sálásí ńlá Seoul, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1976, wà níbẹ̀, àwọn ilé oúnjẹ halal sì yí i ká, títí kan èyí tó ń se oúnjẹ Kòríà. Ọ̀nà kejì ni ẹja: ní ọjà Jagalchi ní Busan, ẹ ó yan ẹja tó ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ nísàlẹ̀, wọ́n á sì se é fún yín lókè. Ọ̀nà kẹta ni oúnjẹ àwọn ilé ìsìn Búdà, tí kò ní ẹran, kò ní ẹja, tí wọn kì í tilẹ̀ fi aáyù tàbí àlùbọ́sà sí. Ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ wà ní agbègbè Insadong àti tẹ́ńpìlì Jogyesa. Ẹni tí edé kì í bá lára mu, kó ṣọ́ra fún kimchi, nítorí edé oníyọ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀.

Ṣé ata wọn ta?

Ó ta díẹ̀, ó sì dùn díẹ̀. Ẹni tó ń jẹ ata rodo kò ní sunkún.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń jẹ ajá?

Àwọn àgbàlagbà kan ṣì ń jẹ ẹ́, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò tọ́ ọ wò rí. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn fọwọ́ sí òfin tí yóò fòpin sí sísìn, pípa àti títa ajá fún jíjẹ, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2027. Kò sí ẹni tí yóò fi í pamọ́ sínú abọ́ yín, ẹ má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí oúnjẹ. Wọ́n lè ní kí ẹ sọ ti Oǹdó fún àwọn náà.

Yàtọ̀ sí ilé oúnjẹ, ibo ni a tún lè jọ lọ?

Ẹ lọ sí ọjà. Gwangjang ní Seoul ti wà láti ọdún 1905, orí àga pákó gbọọrọ ni ẹ ó sì jókòó sí, èjìká yín á máa kan ti àjèjì. Ní iwájú yín gan-an, ìyá kan yóò máa fi ọlọ lọ ẹ̀wà kékeré aláwọ̀ ewé, yóò bù ú sínú òróró púpọ̀, yóò sì yọ bindaetteok síta pẹ̀lú etí tó gbẹ pàrà. Ẹ jọ jẹ ọ̀kan ṣoṣo, kí ẹ lè ní àyè fún ìsọ̀ tó kàn.

Bí ẹ bá ní ọjọ́ púpọ̀, ìlú kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀: Jeonju fún bibimbap, ìrẹsì tí wọ́n pò mọ́ ẹ̀fọ́, Chuncheon fún adìyẹ aláta tí wọ́n ń pè ní dakgalbi, Busan fún dwaeji gukbap, ìrẹsì nínú omi ẹran ẹlẹ́dẹ̀, Jeju fún ẹran ẹlẹ́dẹ̀ dúdú. Fún wíwá ọ̀nà, Naver Map, áàpù máàpù àwọn ará Kòríà, ló ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀, nítorí Google Maps kì í tọ́ni sọ́nà bó ṣe yẹ ní Kòríà.

Ṣé mo lè se oúnjẹ tiwa fún àwọn náà?

Ó yẹ kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ má gbé ẹran lọ láti ilé, ìbáà jẹ́ ẹran gbígbẹ tàbí kìlíṣí. Wọn kì í gbà á wọlé, owó ìtanràn rẹ̀ sì wúwo. Èso tútù náà kò ṣe é gbé. Ìrẹsì wọn máa ń lẹ̀ mọ́ra, jọ̀lọ́ọ̀fù tí ẹ bá fi sè á di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Ẹ wá ìrẹsì gígùn ní Itaewon tàbí ní ìlú Ansan, níbi tí àwọn àjèjì pọ̀ sí. Ẹ dín ata rodo kù sí ìdá mẹ́rin ohun tí ẹ máa ń lò.

Èyí tí mo gbà yín níyànjú jù ni ọbẹ̀ tó ní irú. Àwọn ará Kòríà ní cheonggukjang, tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe, tí òórùn rẹ̀ sì ń gba gbogbo ilé kan. Kòkòrò tí ojú kò rí tó ń jẹ́ Bacillus subtilis ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, irú rẹ̀ kan náà ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú irú tiwa. Ìyá ọ̀rẹ́ yín lè má mọ ẹ̀fọ́ rírò, ṣùgbọ́n tó bá gbóòórùn ìkòkò náà, yóò sún mọ́ ọn láti wò ó.

Wọ́n di kimchi fún mi láti gbé lọ sílé. Báwo ni kí n ṣe gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú?

Ẹ má fi í sínú báàgì ọwọ́. Omi inú rẹ̀ mú kí wọ́n kà á mọ́ ohun olómi, wọ́n á sì gbà á lọ́wọ́ yín níbi àyẹ̀wò. Inú àpótí tí ẹ ń fà lé wọn lọ́wọ́ ni kó wà. Ó ṣì ń kan sí i lójú ọ̀nà, afẹ́fẹ́ rẹ̀ a sì mú ọ̀rá wú, nítorí náà ọ̀rá méjì tàbí mẹ́ta ni kí ẹ fi dì í, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ sì ki gbogbo rẹ̀ sínú ike tó ní ìdérí. Ẹ to aṣọ yín sí ẹ̀gbẹ́ kejì.